Ẹ̀rọ Tuntun, Ẹrù Àtijọ́

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè lákìísà bí àgbà. Láti gbé àgbà ga ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣe ń pa òwe yìí. Ní tèmi, mo fẹ́ fi í pe ara wa lẹ́jọ́. Àwa ọ̀mọ̀wé, àwa olórí ẹbí àti àwa aṣíwájú ẹgbẹ́ ìlú ti di ọmọdé tí ó láṣọ ṣùgbọ́n tí kò lákìísà. Kọ̀ǹpútà tuntun ń dán lórí tábìlì wa. Ohun tí ó wà nínú ti àtijọ́ ńkọ́? Ó wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó wà ní ṣọ́ọ̀bù ẹni tí ń tún ẹ̀rọ ṣe, ó sì wà lórí ààtàn. Bí a bá béèrè ohùn bàbá àgbà tí a gbà sílẹ̀ ní ogún ọdún sẹ́yìn lọ́wọ́ ọmọ rẹ̀ tí ó kàwé gboyè, èsì tí yóò fọ̀ ni pé, "Ẹ̀rọ yẹn ti bàjẹ́." Bí ẹni pé ẹ̀rọ ni a ń béèrè!

Ohun tí mo fẹ́ sọ kò lọ́jú pọ̀. Kíkó àkójọ inú ẹ̀rọ àtijọ́ lọ sínú ẹ̀rọ tuntun kì í ṣe iṣẹ́ oníṣẹ́ ẹ̀rọ nìkan. Iṣẹ́ àṣà ni. Ẹni tí ó bá fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú un ń fi ogún ẹbí ṣòfò, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí ilé ẹjọ́ tí yóò pè é.

Kí ọ̀rọ̀ tó lọ jìnnà, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo ń pè ní àká inú ilé. Sáfà ni wọ́n ń pe kọ̀ǹpútà tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti tọ́jú nǹkan pa mọ́, kí ó sì máa bù ú fún àwọn kọ̀ǹpútà àti fóònù yòókù nígbàkúùgbà tí wọ́n bá béèrè. Nígbà kan, ilé ìfowópamọ́ àti ilé-ẹ̀kọ́ gíga ni a ti ń gbúròó rẹ̀. Lónìí, ẹnikẹ́ni lè ní i nílé. Láti 2012 tí Raspberry Pi ti dé orí àtẹ, kọ̀ǹpútà tí kò tóbi ju káàdì ìgbowó lọ ti lè ṣe iṣẹ́ náà. Àgbà kọ̀ǹpútà alágbèéká tí ọmọ ilé-ìwé ti lò tì pàápàá lè ṣe é. Bẹ́ẹ̀ ni tèmi ṣe rí ní Abẹ́òkúta níhìn-ín. Inú rẹ̀ ni àwòrán ẹbí wà, inú rẹ̀ ni oríkì ìdílé tí àwọn ìyá wa kì kí wọ́n tó kú wà, inú rẹ̀ náà ni iṣẹ́ ìwádìí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lórí èdè àti lítíréṣọ̀ Yorùbá wà. Àká ni. Bí igi àká bá sì ti ń jẹrà, àgbẹ̀ tí ó gbọ́n kì í dúró dìgbà tí yóò wó lu àgbàdo.

Ìgbà tí ọ̀rọ̀ bá dé orí kíkó láti ibi kan lọ sí ibòmíràn, kò yẹ kí ará Òwu ṣẹ̀ṣẹ̀ máa wá olùkọ́ lọ. Ìlú tí a kó ni wá. Láàárín 1820 sí 1830 ni ogun Òwu jà, ogun tí Samuel Johnson tọ orírun rẹ̀ lọ sí ìjà ataare ní ọjà Apòmù. Ìlú fọ́. Àwọn aṣẹ́gun sì pàṣẹ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ tún un tẹ̀ dó sójú kan náà mọ́. Àwọn Ẹ̀gbá ti dé abẹ́ Olúmọ ní 1830. Ní 1834 ni àwọn Òwu dé bá wọn, tí Ṣódẹkẹ́ sì gbà wọ́n. Kí ni wọ́n rù dé? Kì í ṣe odi ìlú. Kì í ṣe amọ̀ ara ògiri. Kò sí ẹni tí ó ru òpó ilé láti Òwu wá sí Abẹ́òkúta. Oyè ni wọ́n rù dé, òrìṣà ni wọ́n rù dé, oríkì, ilà ojú, orúkọ agbo ilé àti ètò tí a fi ń mọ ẹni tí ó ṣíwájú àti ẹni tí ó tẹ̀ lé e. Ilẹ̀ tuntun, amọ̀ tuntun, koríko tuntun. Ṣùgbọ́n Olówu ni Olówu ń jẹ́ síbẹ̀, Balógun Òwu ni Balógun Òwu ń jẹ́. Nítorí èyí ni a fi ń dárúkọ Olówu pẹ̀lú Aláké, Ọ̀ṣilẹ̀ àti Àgùrá lónìí. Bí ó bá jẹ́ pé wọ́n sọ lọ́nà pé, "Ilé ti bàjẹ́, ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun," kò sí ohun tí à bá máa pè ní Òwu lónìí.

Ẹ̀kọ́ kìíní tí kíkó sáfà ń kọ́ ènìyàn nìyẹn gẹ́lẹ́. Kì í ṣe gbogbo nǹkan ni a ń kó. Ètò iṣẹ́ tí a ṣe fún ọpọlọ ẹ̀rọ irú kan kì í ṣiṣẹ́ lórí ọpọlọ irú mìíràn; èyí tí a kọ fún Intel kò ní gbọ́ èdè ARM tí ó wà nínú ẹ̀rọ kékeré. Ẹni tí ó bá fẹ́ da gbogbo inú ẹ̀rọ àtijọ́ sínú tuntun láìṣà á, amọ̀ ara ògiri ni ó ń rù. Ètò iṣẹ́ ni a ń tún kọ́ ní ibùdó tuntun. Ohun tí a ń rù ni àkọsílẹ̀, ohùn, àwòrán àti ìlànà tí a fi to ilé náà: ta ni ó ni kí ni, ta ni ó lè ka kí ni, aago mélòó ni ẹ̀rọ yóò máa ṣe ẹ̀dà iṣẹ́ ọjọ́. Ẹni tí ó mọ ìyàtọ̀ amọ̀ sí oyè ni ó lè kó ilé.

Ọ̀nà mẹ́ta ni àwọn tí mo ń bá jà pín sí.

Àwọn àkọ́kọ́ ni mo ń pè ní ẹgbẹ́ a-dà-á-nù. Òwe wọn ni pé ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i. Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu akẹ́kọ̀ọ́, mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu ọ̀jọ̀gbọ́n. Wọ́n ṣi òwe náà lò. Ilé ni òwe wí pé ó jó. Kò sọ pé ọba jó mọ́ ọn. Bí ààfin bá jó tí ọba, adé àti ọ̀pá àṣẹ bá yọ, ìgbà yẹn ni ilé tuntun lè bu ẹwà kún un. Bí adé bá jó, bí àwọn tí ó mọ ìtàn bá jó, ẹwà wo ni ó kù? Kọ̀ǹpútà tuntun tí kò ní nǹkankan nínú jẹ́ ààfin tí kò ní ọba.

Àwọn kejì ni ẹgbẹ́ ó-ṣì-ń-ṣiṣẹ́. Wọ́n ní ẹ̀rọ àtijọ́ kò tíì kú, kí ni a ń yọ ara wa lẹ́nu sí? Èyí jọ ọgbọ́n, ṣùgbọ́n ọ̀lẹ ni ó wọ aṣọ ọgbọ́n. Dísìkì tí ń yí nínú ẹ̀rọ ní apá tí ń jẹ bí ìgbá ọkọ̀ ṣe ń jẹ. Káàdì kékeré tí a ń kọ nǹkan sí ní iye ìgbà tí a lè kọ ọ́ kọ́ ọ kí ó tó sú. Ẹ fi iná ọba tiwa kún un, iná tí ń wá tí ń lọ, tí ń ga tí ń wálẹ̀, kí ẹ tó sọ fún mi pé ẹ̀rọ kò tíì kú. Ìgbà tí ẹ̀rọ bá ṣì ń mí ni a ń gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Ta ni í dúró kí bàbá kú tán kí ó tó bi í léèrè ibi tí ààlà oko wà?

Àwọn kẹta ni wọ́n lè jù, nítorí pé wọ́n kàwé. Wọ́n ní sáfà inú ilé ti di ohun àtijọ́. Kí a gbé gbogbo nǹkan sínú àwọsánmà, kí Google àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ máa bá wa tọ́jú rẹ̀. Kò sí àwọsánmà kankan níbẹ̀ o! Ilé onílé ni. Kọ̀ǹpútà ẹlòmíràn ni, ní ìlú ẹlòmíràn, lábẹ́ òfin ẹlòmíràn. Ní 2009, Yahoo ti GeoCities pa, ojú ewé àìmọye ènìyàn sì lọ pẹ̀lú rẹ̀. Ní 2019, MySpace kéde pé orin tí àwọn ènìyàn kó síbẹ̀ ṣáájú 2016 ti sọnù níbi tí wọ́n ti ń kó ẹrù láti sáfà kan sí òmíràn. Ìròyìn ka àwọn orin náà sí mílíọ̀nù lọ́nà àádọ́ta. Ẹ kíyè sí i: níbi kíkó gan-an ni ó ti ṣẹlẹ̀. Bí ilé-iṣẹ́ ńlá bá lè kó ẹrù kí ẹrù dànù, ta ni ó fi yé wa pé tiwa kò lè dànù lọ́wọ́ wọn? Láti oṣù Kejìlá 2023 ni Google náà ti ní ẹ̀tọ́ láti pa àkáǹtì tí ẹnikẹ́ni kò lò fún ọdún méjì rẹ́. Ẹ wo irú òfin bẹ́ẹ̀ nílẹ̀ wa, níbi tí ẹbí lè fi ọdún méjì jà lórí ogún kí wọ́n tó mọ ẹni tí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀! Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹta 2024 ẹ̀wẹ̀, wáyà abẹ́ òkun gé nítòsí Ivory Coast, íntánẹ́ẹ̀tì sì dákú ní Nàìjíríà àti ní ọ̀pọ̀ ilẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Ní ọjọ́ yẹn, ẹni tí oríkì bàbá rẹ̀ wà nínú àwọsánmà di aláìníbàbá fúngbà díẹ̀. Ẹni tí tirẹ̀ wà nínú àká inú ilé ń gbọ́ ọ lọ.

N kò sọ pé kí a má fi ẹ̀dà kan sọ́dọ̀ wọn. Ó dára kí a fi kan síbẹ̀. Ohun tí mo ń sọ ni pé ẹrù tí a kó sílé àlejò kò sọ ilé àlejò di ilé baba ẹni.

Àwọn kan yóò ní ọ̀rọ̀ ẹ̀dà yìí ti le jù lẹ́nu mi. Kí wọ́n rántí ìwé tí gbogbo wa ń tọ́ka sí nígbà tí a bá ń sọ ìtàn Yorùbá, tí ó fi mọ́ ìtàn Òwu. Ní 1897 ni Samuel Johnson parí rẹ̀. Ní 1899 a fi ìwé àfọwọ́kọ náà ránṣẹ́ sí ilé ìtẹ̀wé kan ní England. Wọ́n sọ ọ́ nù. Johnson kú ní 1901 láìfojú rí ìwé rẹ̀. Àbúrò rẹ̀, Dókítà Obadiah Johnson, ni ó jókòó ti àkọsílẹ̀ àti ìwé ìdáwọ́lé tí ó kù nílé, tí ó tún un hun pọ̀. Ní 1916 tí wọ́n tún fi í ránṣẹ́, ọkọ̀ òkun Appam tí ó gbé e bọ́ sọ́wọ́ àwọn ará Jámánì, wọ́n sì wà á lọ sí Amẹ́ríkà kí ẹrù náà tó padà rí ọ̀nà dé England. 1921 ni ìwé jáde. Ẹ̀dà tí ó wà lókè òkun ni ó sọnù. Èyí tí ó wà nílé, tí ó rí jákujàku, ni ó gba ìtàn Yorùbá là. Àkísà ni, ẹ̀yin ará. Òun ni ọmọdé kò ní.

Abẹ́òkúta tiwa náà mọ ìyàtọ̀ ohun tí a kó àti ohun tí a kò kó. Ní 1859 ni Henry Townsend bẹ̀rẹ̀ Ìwé Ìròyìn níhìn-ín. Ní 1867 tí Ìfọ́lé dé, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé náà bá a lọ, ìwé ìròyìn sì dákẹ́. Ẹ wá wo Àlùfáà Josiah Jesse Ransome-Kuti, tí ó kọ orin Yorùbá sínú àwo Zonophone ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1922. Ó kú ní 1930. A ṣì lè gbọ́ ohùn rẹ̀ lónìí. Èéṣe? Kì í ṣe pé àwo náà kì í fọ́. Àwọn kan ni wọ́n ń gbé ohùn náà láti inú ohun kan sínú òmíràn. Bẹ́ẹ̀ náà ni orin sákárà Yusuf Olatunji, tí ó kú ní 1978, ṣe kúrò nínú àwo bọ́ sínú kásẹ́ẹ̀tì, tí ó kúrò nínú kásẹ́ẹ̀tì bọ́ sínú fóònù ọmọ tí a kò tíì bí nígbà tí bàbá náà wà láyé. Ohùn kì í dá rìn. A máa ń gbé e ni.

Mo fẹ́ kí àwa tí a ń kọ Yorùbá fún ìwé gbọ́ apá tí ó kàn báyìí dáadáa, nítorí pé ibẹ̀ ni àdánù wa pọ̀ sí. Ní àwọn ọdún 1990, àyè 256 péré ni ó wà fún lẹ́tà nínú irú fọ́ǹtì tí a ń lò. Kò sí ẹ, kò sí ọ, kò sí ṣ níbẹ̀, ká má tilẹ̀ wá sọ ti àmì ohùn. Àwọn ọlọ́gbọ́n wa yọ lẹ́tà àwọn ará Yúróòpù kúrò, wọ́n fi tiwa sí àyè wọn. Ó ṣiṣẹ́, ìwé sì jáde. Ṣùgbọ́n nínú ikùn ẹ̀rọ, nọ́ńbà lẹ́tà àjèjì ni a kọ sílẹ̀. Fọ́ǹtì nìkan ni ó ń bá wa purọ́ rere. Bí a bá gbé irú fáìlì bẹ́ẹ̀ lọ sórí ẹ̀rọ tuntun tí kò ní fọ́ǹtì náà, oríkì yóò di wótowòto. Mo ti rí iṣẹ́ àpilẹ̀kọ fún oyè gíga tí kò sí ìlà kan tí ó ṣeé kà nínú rẹ̀ mọ́.

Unicode ti fún ẹ, ọ àti ṣ ní nọ́ńbà tiwọn, àmì ohùn sì lè gun orí wọn. Síbẹ̀ iṣẹ́ kò tán, nítorí pé ọ̀nà tí a lè gbà kọ ẹ tí ó ní àmì lórí ju ẹyọ kan lọ. Ojú kò ní mọ̀ wọ́n yàtọ̀, ẹ̀rọ yóò mọ̀. Ẹni tí ó bá wá ọ̀rọ̀ lọ́nà kan kò ní rí èyí tí a kọ lọ́nà kejì. Àwọn kan ní kí a kúkú yọ àmì kúrò kí ọ̀rọ̀ lè rọrùn. Mo fi orúkọ ìlú wa dá wọn lóhùn: bí a bá yọ àmì, Òwu tí í ṣe ìlú, òwú tí a fi ń hun aṣọ àti owú tí orogún ń jẹ di ọ̀kan náà. Ìlú odidi á wá di ìjowú!

Ọ̀rọ̀ yìí kò ṣàjèjì sí wa. Nígbà tí àkọtọ́ 1974 dé, a kó "aiye" lọ sí "ayé", a kó "enia" lọ sí "ènìyàn", a kó "nwọn" lọ sí "wọ́n". Kò sí ẹni tí ó ní kí a sun àwọn ìwé tí a ti fi àkọtọ́ àtijọ́ kọ. A kọ́ ọmọ láti ka méjèèjì. Irú sùúrù yẹn ni fáìlì àtijọ́ ń fẹ́: kí ẹni tí ó gbọ́ Yorùbá jókòó tì í, kí ó yí lẹ́tà rẹ̀ padà lẹ́sẹẹsẹ, kí ó sì kà á sókè láti mọ̀ bóyá ohùn rẹ̀ ti pé. Oníṣẹ́ ẹ̀rọ tí kò gbọ́ èdè náà kò lè ṣe é.

Ohùn tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Bí a ṣe ń fẹ̀sọ̀ mú un nìyí. Kí a kọ́kọ́ ka ẹrù: kí ni ó wà níbẹ̀, ti ta ni? Kí a ṣe ẹ̀dà mẹ́ta, lórí irú ohun ìpamọ́ méjì ó kéré tán, kí ọ̀kan sì wà ní ilé mìíràn, nítorí iná àti olè. Kí a dá iṣẹ́ ẹ̀rọ dúró kí a tó dà á kọ, nítorí pé a kì í ka adìyẹ tí ń sáré. Kí a ṣọ́ ẹni tí ó ni nǹkan: púpọ̀ nínú àwọn ẹ̀rọ wọ̀nyí kò fi orúkọ mọ onílé, nọ́ńbà ni wọ́n fi mọ̀ ọ́n, bí nọ́ńbà ọmọ bá bọ́ sọ́wọ́ àlejò nínú ẹ̀rọ tuntun, àlejò ti jogún baba ọmọ. Kí a jẹ́ kí ẹ̀rọ ṣírò àmì fún fáìlì kọ̀ọ̀kan ní ilé àtijọ́ àti ní ilé tuntun, kí a fi wọ́n wé ara wọn. Bí ẹyọ lẹ́tà kan bá yí, àmì kò ní bára mu. Kí a fún ẹ̀rọ tuntun ní orúkọ àti àdírẹ́sì tí àtijọ́ ń jẹ́, kí àwọn ará ilé lè rí i. Ilé là á wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Lẹ́yìn èyí, kí méjèèjì máa ṣiṣẹ́ pọ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Kí ẹnikẹ́ni má nu ti àtijọ́ títí a ó fi ṣí ohùn kan, àwòrán kan, ìwé kan láti inú tuntun, tí a ó sì rí i pé ó pé.

Wọn yóò ní agbára dà, owó dà. Owó tí ẹbí ń ná lórí aṣọ ẹgbẹ́jọdá fún òkú kan ṣoṣo tó ra ẹ̀rọ kékeré kan àti dísìkì méjì. A ń náwó láti sin òkú. A kò ń náwó kí ohùn òkú má baà bá a wọlé. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ ọmọ ìbílẹ̀ tí ẹ ń dáwó fún ọdún Òwu, ẹ yọ díẹ̀ sílẹ̀ nínú rẹ̀. Ẹ̀yin olùkọ́ ní yunifásítì, ẹ kó àwọn dísìkì pẹlẹbẹ tí ó wà nínú dúrọ́ọ̀ yín jáde lọ́dún yìí, kí ẹ̀rọ tí ó lè kà wọ́n tó tán nílẹ̀. Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ mọ ẹ̀rọ ju bàbá yín lọ, ẹ má ra tuntun fún un kí ẹ tó bi í léèrè ohun tí ó wà nínú èyí tí ó ń lò.

Odò tí ó bá gbàgbé orísun rẹ̀, gbígbẹ ni yóò gbẹ. Àwọn tí ó sá kúrò nínú ìlú tí ń jó ní ọ̀rúndún méjì sẹ́yìn kò ní ẹ̀rọ kankan, wọn kò ní bébà, ọ̀tá sì wà lẹ́yìn wọn; síbẹ̀ wọ́n kó Òwu dé láìkù síbì kan. Kí ni àwa yóò sọ pé ó lé wa tí a fi da ẹrù nù?